Ìjókòó Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin: Ẹ̀kọ́ Ìtàn Láti Àbújá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Inú ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ojú ọ̀run. Ìwọ̀n ni àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Bí èrò bá ti pọ̀ ju àga lọ, àwọn kan yóò dúró, àwọn kan yóò há mọ́ra bí ẹja inú agbọ̀n, àwọn mìíràn yóò sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán. Lójú tiwọn, kí ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó tètè jí.

Àròkọ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ níhìn-ín ni pé àìtó ìjókòó kì í ṣe ẹ̀bi èrò. Ibi tí ìlú fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sùn, ibi tí ó fi wọ́n ṣiṣẹ́, àti iye ọkọ̀ tí ìjọba rà sórí irin tí ó tẹ́, àwọn ni wọ́n ń bí i. A ó sì fi hàn pé ìjókòó ju ibi ìsinmi lọ. Òun ni ó ń jẹ́ kí a mọ iye ènìyàn tí ó wà nínú ọkọ̀ àti orúkọ wọn nígbà tí ewu bá dé. Àbújá, olú-ìlú wa, ni a ó gbé yẹ̀ wò jù lọ, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ yà sí Èkó, níbi tí ìtàn ojú irin wa ti bẹ̀rẹ̀.

Irin Tí A Tẹ́ fún Ẹrù

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìdó ní Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Òṣogbo àti Ìlọrin lọ, tí ó fi dé Jẹ́bà létí Odò Ọya ní ọdún 1909. Ní ìhà Àríwá, ìjọba tẹ́ irin mìíràn láti Bàrò lọ sí Kánò. Ní ọdún 1912 ni wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ àkóso kan.

Ẹrù ni ọba lórí irin wọ̀nyí. Kókó, èkùrọ́, òwú, ẹ̀pà àti awọ ni wọ́n ń kó lọ sí èbúté; ènìyàn kàn ń bá ẹrù rìn ni. Ipò mẹ́ta ni wọ́n sì pín ìjókòó èrò sí. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọlọ́lá ni ó ń wọ ipò kìn-ín-ní. Àwọn akọ̀wé àti àwọn tí ó rí jájẹ ń wọ ipò kejì. Gbogbo ìyókù, ìbáà ṣe àgbẹ̀, ìbáà ṣe alájàpá pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, ipò kẹta ni tiwọn, lórí àga onípákó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjókòó ti ń sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ lójú ìjọba.

Nígbà tí Èkó wá gbòòrò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé Agége, Agbádó àti àwọn ìlú tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ wọn sì wà nísàlẹ̀ Èkó, irin ẹrù yìí kan náà ni ó di irin òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ń rìn láàárín Ìdó àti Ìjókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ bí àwọn èrò ọkọ̀ náà ti máa ń gun òrùlé, tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń jókòó sí àárín kọ́ọ̀ṣì méjì. Ó pa ni lẹ́rìn-ín, ó sì pa ni lẹ́kún, pé Ìjókò ni orúkọ ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ, ìjókòó gan-an ni ó sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Ní ọdún 1983, Alhaji Lateef Jákàńdè, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, dáwọ́ lé ojú irin tí a ṣe fún èrò ìgboro nìkan. Ìjọba ológun fagi lé e ní ọdún 1985. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí ìjọba Èkó tún dáwọ́ lé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina lọ sí Mile 2. Ogójì ọdún ni ó wà láàárín ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìjókòó àkọ́kọ́.

Ìlú Tí A Yà Sórí Ìwé

Bí àṣìṣe Èkó bá jẹ́ pé ìlú gbòòrò kí ẹnikẹ́ni tó ronú, a óò retí pé kí Àbújá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìrònú ni ó ṣíwájú ìlú náà. Ní ọdún 1975 ni ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Agúdà láti wádìí bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Lára ohun tí ó mú kí wọ́n ronú bẹ́ẹ̀ ni fífún tí Èkó fún àti ìṣòro ìrìnnà inú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kí olú-ìlú ṣí, òfin tí ó dá Àbújá sílẹ̀ sì jáde ní oṣù kejì ọdún 1976. Ní ọdún 1979 ni àwòrán ńlá ìlú náà parí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó dé ibẹ̀ pátápátá.

Irin ayé àwọn òyìnbó kò gba ibi tí wọ́n mú yìí kọjá. Mínà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni irin Èkó sí Kánò gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ya àwòrán ìlú náà mọ̀ pé yóò gba ọkọ̀ akérò ńlá, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Wọ́n kó ilé iṣẹ́ ìjọba jọ sí àárín gbùngbùn, wọ́n sì to àdúgbò ibùgbé lọ ní apá méjèèjì.

Ohun tí àwòrán kò lè fi agbára mú ni owó ilé. Akọ̀wé kékeré, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ, agbálẹ̀ àti alásè, àwọn ènìyàn tí ìlú kò lè ṣe aláìní, kò rówó gba ilé ní Maitama tàbí Asokoro. Nyanya, tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ ìlú, di ìlú ńlá. Karu, Kubwa, Lugbe àti Gwagwalada kún. Nígbà tí ilẹ̀ Àbújá kò gbà wọ́n mọ́, àwọn ènìyàn ré ààlà kọjá sí Mararaba ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Láàárín ọdún 2003 sí 2007, nígbà tí Mallam Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà Àbújá, ìjọba wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí ó ní wọn kò bá àwòrán ìlú mu. Ní ọdún 2006 ni wọ́n sì lé ọ̀kadà kúrò nígboro. Àwòrán ìlú mọ́ sí i. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ jìnnà sí i.

Báyìí ni ọ̀nà Nyanya àti ọ̀nà Kubwa ṣe di odò ènìyàn, tí ó ń ṣàn wọlé láàárọ̀, tí ó ń ṣàn jáde nírọ̀lẹ́. Ìyà ibẹ̀ kò mọ sí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn apániláyà ju bọ́ǹbù sáàárín èrò ní ibùdókọ̀ Nyanya. Ó lé ní àádọ́rin ènìyàn tí ó kú. Àkókò tí èrò pọ̀ jù lọ, tí olúkúlùkù ń wá ibi ìjókòó kan, ni àwọn ìkà náà yàn. Ibi tí ìjọ ènìyàn bá ti ń dúró de ọkọ̀ tí kò tó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀tá ti ń rí wọn kó pọ̀.

Nígbà Tí Ẹ̀rù Lé Èrò Sórí Irin

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ojú irin tuntun láti Idu ní Àbújá dé Rigasa ní Kàdúná. Ó lé ní kìlómítà 186, ilé iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó sì kọ́ ọ. Irin náà fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ: mìlímítà 1435 sí 1067. Fún ìgbà díẹ̀, ìjókòó tó. Kò pẹ́ tí ọ̀ràn fi yí padà.

Ohun méjì ni ó yí i padà. Èkíní ni pé láti oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Àbújá láti tún ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe, gbogbo èrò bàlúù sì ń gba Kàdúná wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ronú kan ọkọ̀ ojú irin rí ni ó wọ̀ ọ́ nígbà náà. Èkejì, tí ó burú jù, ni àwọn ajínigbé tí ó gba ojú ọ̀nà Kàdúná. Ẹni tí ó ní mọ́tò tirẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò, gbogbo wọn ni ó sá sórí irin.

Níbi yìí ni a ti rí bí ìjókòó ti ń di ọjà. Àga kò pọ̀ sí i bí èrò ti ń pọ̀ sí i. Àwọn kan dúró láti Rigasa dé Idu. Àwọn mìíràn tò láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ó sì kàn wọ́n, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti tán lójú fèrèsé wà lọ́wọ́ àwọn alárinà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó, ní iye tí ó ga ju ti ìjọba lọ. Bí ohun kan bá ti ṣọ̀wọ́n, tí a kò sì jẹ́ kí owó rẹ̀ ga ní gbangba, yóò ga ní kọ̀rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àjọ ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dín ọwọ́ àwọn alárinà kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè dá àga kan sílẹ̀. Bí a ó ti pín èyí tí ó wà ni ó lè tún ṣe.

Ìjókòó Gẹ́gẹ́ Bí Orúkọ

Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn fi ohun ìjà olóró ba irin jẹ́, wọ́n sì kọ lu ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti Àbújá sí Kàdúná. Ènìyàn mẹ́jọ, ó kéré tán, ni ó kú. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sínú igbó. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni àwọn tí ó kẹ́yìn tó gba ìtúsílẹ̀, ọkọ̀ kò sì tún rìn títí di oṣù Kejìlá.

Ìbéèrè tí ó gba gbogbo ilé kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni pé: ta ni ó wà nínú ọkọ̀ náà? Àjọ ọkọ̀ ojú irin fèsì pé ènìyàn 398 ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé 362 ni ìwé sì fi hàn pé ó wọlé. Ìwé yìí ni àwọn ẹbí fi ń wá àwọn ènìyàn wọn. Ẹ jẹ́ kí a ronú lé e. Ẹni tí ó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì, tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà nítorí pé àga kò sí, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ alárinà, orúkọ ẹlòmíràn ni ó ń jẹ́ nínú ìwé. Bí ewu bá dé bá wọn, ta ni yóò pè wọ́n? Nígbà tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí òfin yìí ń sọ ni pé àga kan, orúkọ kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ikú ti kọ́ ènìyàn ní iyì ìjókòó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ojú irin wá fún wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú. Ní ọjọ́ tí ó ṣíwájú Kérésìmesì ọdún 1841, ọkọ̀ ojú irin kan tí ó ń ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù bọ̀ kọ lu ilẹ̀ tí ó ya ní Sonning. Inú kọ́ọ̀ṣì tí kò ní òrùlé, tí ògiri rẹ̀ kò sì ga, ni àwọn onípò kẹta wà, láàárín orí ọkọ̀ àti ẹrù. Wọ́n fọ́n dànù. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò náà jẹ́ agbẹ́kùúta tí ń kọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń lọ ilé ṣe ọdún. Ní ọdún 1844, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé ọkọ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ máa gbé onípò kẹta lójoojúmọ́ ní kọ́bọ̀ kan ilẹ̀ wọn fún máìlì kan, kí àga wà nínú rẹ̀, kí òrùlé sì bò wọ́n lọ́wọ́ òjò. Nígbà tí ó di ọdún 1883, tí ilé àwọn òṣìṣẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti jìnnà sí ibi iṣẹ́ wọn, òfin mìíràn ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ojú irin máa pèsè ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú fún wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jọ ti Nyanya àti Kubwa. Ìyàtọ̀ kan ni pé wọ́n sọ ìjókòó di ọ̀rọ̀ òfin. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún àánú.

Irin Gígùn, Ọkọ̀ Díẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2018, Ààrẹ Buhari ṣí ojú irin ìgboro Àbújá. Ọdún 2007 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ìpele àkọ́kọ́ yìí gùn tó kìlómítà 45, ó ní ibùdó 12, ó sì so àárín ìlú pọ̀ mọ́ Idu, pápákọ̀ òfuurufú àti Kubwa. Ìlú Ṣáínà ni wọ́n ti yá apá tí ó pọ̀ nínú owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kọ́ọ̀ṣì tí ó wà lórí rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ lóòjọ́ sì ṣeé fi ìka ọwọ́ kà. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dá a dúró ní ọdún 2020, àwọn olè sì ba ohun èlò rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tún un ṣí, tí ó sì ní kí àwọn èrò máa wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọdún náà yóò fi parí.

Ẹ̀bùn rere ni ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àìgba owó kò lè sọ kọ́ọ̀ṣì kan di méjì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àlàyé. Ká ní ọkọ̀ kan ní àga 300. Bí ó bá ń kọjá lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, ènìyàn 300 péré ni ó lè jókòó láàárín aago mẹ́fà sí aago méje àárọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ènìyàn 1,200 ni yóò jókòó. Irin kan náà ni. Afárá kan náà ni. Gbèsè irin kan náà ni a ó san. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye ọkọ̀ àti iye awakọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹ́ irin gígùn tí kò ra ọkọ̀ tí ó tó dà bí ẹni tí ó kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tí ó wá tẹ́ ẹní kan ṣoṣo sí i.

Ó tọ́ kí a sọ tẹnu ìjọba pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ó kún fọ́fọ́ wọ ìgboro láàárọ̀ lè padà sí Kubwa lófìfo. Láàárín ọ̀sán, àga púpọ̀ lè ṣófo. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí ó tó fún aago méje àárọ̀ yóò ní ọkọ̀ tí ń sùn láago mọ́kànlá. Ìnáwó ńlá ni. Jàpáànù tí ó lówó tí ó sì mọṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: láti ọdún 1955 ni wọ́n ti fi àwọn òṣìṣẹ́ sí ibùdó Shinjuku ní Tokyo láti máa fi ọwọ́ ti èrò wọ inú ọkọ̀ kí ilẹ̀kùn lè pa dé. Ìdúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èrò dúró nígbà tí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ láìpẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó dúró nítorí pé bí èyí bá lọ, ó di ọ̀la.

Ọ̀ràn kan tún kù. Irin ìpele àkọ́kọ́ yìí kò dé Nyanya, kò sì dé Mararaba, níbi tí èrò pọ̀ sí jọjọ. Èrò ibẹ̀ kò tíì dé orí pé ìjókòó kò tó. Ibùdó gan-an ni kò sí fún un.

Àgbálọgbábọ̀

Láti inú gbogbo ohun tí a ti sọ, ohun mẹ́ta ni ó hàn. Èkíní, irin tí a tẹ́ fún ẹrù ni a jogún, a sì pẹ́ kí a tó gbà pé ènìyàn yẹ ní irin tirẹ̀. Èkejì, bí ìlú bá ti gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́, gbèsè ìrìnnà ti wà lọ́rùn ìlú náà, ìbáà san án ìbáà má san án. Bí ìjọba kò bá san án, òṣìṣẹ́ ni yóò fi ẹsẹ̀, oorun àti ẹ̀mí rẹ̀ san án. Ẹ̀kẹta, ìjókòó ni ìkànìyàn. Ọkọ̀ tí a kò mọ iye èrò inú rẹ̀, òkùnkùn ni ó ń rìn, bí iná tilẹ̀ tàn nínú rẹ̀.

Igi gaǹgaǹran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà tí ìjọba bá tún ń ṣí ojú irin tuntun, tí wọ́n ń ka gígùn rẹ̀ fún wa ní kìlómítà, ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè béèrè ìbéèrè mìíràn: kọ́ọ̀ṣì mélòó, àga mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkọ̀ yóò kọjá kí agogo ilé ìwé tó lù láàárọ̀? Àwọn ọmọ tí a ó kọ́ lọ́la, inú ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn òbí wọn yóò ti máa dúró tàbí kí wọ́n jókòó.